Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gbogbo Ẹgbẹ́ Onílé Nílùú Ìbàdàn: Ẹ Jẹ́ Ká Sọ̀rọ̀ Ìjì Kí Òjò Àkọ́rọ̀ Tó Dé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin alága, akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ onílé káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá tó wà nílùú Ìbàdàn,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò. Ẹ kú wàhálà owó ọlọ́dẹ, ẹ kú ti géètì, ẹ kú ti tiransífọ́mà tó ń jó, tí ẹ ó tún máa wá owó jọ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tí à ń gbé lónìí, ẹ̀yin lẹ lànà rẹ̀, ẹ̀yin lẹ fa iná wọ̀ ọ́, kí ìjọba tó mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín, tí n kò kọ ọ́ sí gómìnà.

Ayálégbé ni mí, apá Apẹtẹ ni mò ń gbé. Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìjì di iṣẹ́ ẹgbẹ́, bí ẹ ṣe sọ ọ̀rọ̀ olè di iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kò ní pẹ́ mọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé, òjò àkọ́rọ̀ kì í sì í sábà dá wá nílùú yìí, ìjì ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìbàdàn mọ bó ṣe ń rí. Ooru á mú láti àárọ̀, ewé ò ní mì, tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ìlà-oòrùn á dúdú, eruku pupa á gbéra, ká tó sọ pé ká kó aṣọ lórí okùn, páànù ti ń fò.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ. Ìjì tiwa kì í ṣe hurricane tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí afẹ́fẹ́ tó gba orúkọ yẹn, eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan, omi òkun tó gbóná ló sì ń fún un lágbára. Ìbàdàn jìnnà sí òkun, a sì sún mọ́ agbedeméjì ayé, irú rẹ̀ kò lè ká wa mọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Ọ̀pọ̀ nínú hurricane tó ń ba Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Kàríbíánì jẹ́, orí ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ń gbéra, tí atẹ́gùn á gbé e gba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn tọ̀hún wá máa ń ní ọjọ́ mélòó kan kí ìjì tó dé bá wọn. Wọ́n á ti fún un lórúkọ, wọ́n á ti kan pákó mọ́ fèrèsé, wọ́n á ti ra omi àti bátìrì pamọ́. Àwa, bí a bá rí ìdajì wákàtí, a dúpẹ́. Ẹni tí kò ní í ráyè múra nígbà tí ìjì bá yọjú, àfi kó ti múra sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Òrùlé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ńṣe ni ìjì ń ti òrùlé ṣubú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré gba orí páànù kọjá, ńṣe ló ń fà á sókè. Etí òrùlé ló kọ́kọ́ ń mú, àti góńgó orí rẹ̀ níbi tí páànù apá méjì ti pàdé. Bí fèrèsé tàbí ìlẹ̀kùn bá wá ṣí sílẹ̀ lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, èyí tó wọlé á máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀, tìta á máa fà á láti òkè, ìṣó á sì tú. Mo mọ àwọn àgbà tó máa ń pàṣẹ pé ká ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi jáde. Kí wọ́n má bínú sí mi, títì pa ló dáa.

Mo ti rí òrùlé tó ṣí lódidi, tòun ti pákó rẹ̀, tó lọ jókòó sórí ilé tó wà ní òpópónà kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wo orí ògiri ilé náà. Pákó tí káfíńtà tẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù, èyí tí wọ́n ń pè ní wall plate, kò sí irin kankan tó dè é mọ́ ògiri. Ìṣó ni wọ́n fi gbá a mọ́ búlọ́ọ̀kù, méjì níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, gbogbo wọn sì ti yọ mọ́rọ́mọ́rọ́ bí ehín ọmọdé. Búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ ò tiẹ̀ sán. Páànù ilé yẹn nípọn, ó ń dán, owó gidi ni wọ́n fi rà á. Ilé tó tẹ̀ lé e, tí páànù tirẹ̀ ti dípẹtà láti ayébáyé, dúró síbẹ̀ digbí, torí pé bíríkìlà tó kọ́ ọ fi irin rọ́ọ̀dù sílẹ̀ nínú kọnkéré tó gba orí fèrèsé kọjá, káfíńtà sì ká irin yẹn mọ́ pákó.

Ẹ̀yin onílé, ẹ fojú sí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Bí ẹ bá ń kọ́lé, tàbí tí ẹ ń pààrọ̀ òrùlé, ẹ̀yin àti káfíńtà á sọ̀rọ̀ àwọ̀ páànù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ á sọ bóyá páànù tó nípọn tó mìlímítà 0.45 ni ẹ fẹ́ tàbí 0.55. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ló máa de pákó yìí mọ́ ògiri. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dè é wà lọ́jà, àwọn káfíńtà mọ̀ ọ́n sí hoop iron, owó rẹ̀ kò sì jẹ́ nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páànù. Kí wọ́n dì í, kí ẹ fojú ara yín rí i kí wọ́n tó bo ó. Kí ìṣó sún mọ́ra ní etí òrùlé ju ti àárín lọ. Bí òrùlé bá yọ síta ju ògiri lọ gan-an, tí a fi ń ṣe ẹ̀wà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń rí dì mú.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe sí èyí kò le. Kí ẹ gba káfíńtà kan tó mọṣẹ́, kó máa wọ àjà ilé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún kí oṣù Kẹta tó wọlé, kó wo pákó tí ikán ti jẹ, kó wo ìṣó tó ti ń yọrí, kó sì sọ ohun tó rí fún onílé àti fún àwọn tó ń gbé ilé náà. Ẹ tẹ́tí sí apá kejì gbólóhùn yẹn. Ọ̀pọ̀ onílé kò gbé ilé tí wọ́n ń gba owó rẹ̀. Èkó ni wọ́n wà, tàbí òkè òkun. Àwa tí à ń sùn sábẹ́ rẹ̀ la ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bí pákó bá ti rà.

Bí káfíńtà bá sì ti wà lókè, kó kó táyà, òkúta àti búlọ́ọ̀kù tí a tò sórí páànù sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé a fi í tẹ páànù mọ́lẹ̀ ni. Ìjì tó bá lè gbé páànù á gbé e tòun ti búlọ́ọ̀kù orí rẹ̀, a kò sì mọ orí ẹni tí yóò bà lé. Sólà náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, orí òrùlé tó pọ̀ ní Ìbàdàn ti ru sólà tí ẹni tó kọ́ ilé náà kò rò mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó de irin rẹ̀ mọ́ pákó tó lágbára nísàlẹ̀. Ìṣó tó mú páànù nìkan kò lè mú sólà.

Ó wá di ọjọ́ tí ìjì dé. Kò sí ibi tí a ó sá lọ, inú ilé la ó ti fara dà á. Níbo nínú ilé? A kì í bi ara wa títí páànù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bí ilé bá jẹ́ alágbèékà, ìsàlẹ̀ ni kí gbogbo èèyàn wà, kúrò nítòsí fèrèsé. Ilé ilẹ̀ tí yàrá dojú kọ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín dáa bí ìlẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn bá ṣe é tì pa. Bí kò bá ṣe é tì, afẹ́fẹ́ á sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà di ojú ọ̀nà rẹ̀, yàrá kékeré tó wà láàárín ilé tàbí balùwẹ̀ ló kù. Kí a ti pa iná láti ibi tó ti ń wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, torí ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga, tí kò ní òpó kọnkéré láàárín, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ti mu omi, kì í kìlọ̀ kó tó wó.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìjì ṣí lára òrùlé ilé wa, Màmá àgbà tó ń gbé yàrá iwájú kò fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní àwọn rí omíyalé Ògùnpa, kí ló tún kù tí àwọn kò rí. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní yàrá ẹ̀yìn kò bá wọn jà, ó kàn gbé wọn ni. Wọn ò tíì jókòó dáadáa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí sílìn yàrá wọn fi já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an, tòun ti eruku gbogbo ọdún tí ilé náà ti wà. Màmá gbọ́ ìró rẹ̀. Wọn kò sọ nǹkankan mọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú títí òjò fi dá. Mo ń sọ èyí torí pé kò sí ẹni tí ẹgbẹ́ yàn pé kó lọ gbé Màmá. Oore-ọ̀fẹ́ ni pé ọmọ náà wà nílé.

Bí afẹ́fẹ́ bá ti rọlẹ̀, òjò ló kù, àwa náà á sì sáré jáde lọ ṣa páànù kí ẹlòmíràn tó ṣa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún wa nípa èyí. Àrá ṣì ń bẹ lókè. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sọ pé kí èèyàn dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kó tó jáde. Páànù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀mí rà.

Màmá mẹ́nu ba Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́wàá, odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀, èèyàn tó ju 200 lọ ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Òjò tó ju mìlímítà 187 lọ rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, èèyàn tó ju 100 lọ kú, afárá wó káàkiri ìlú, ti Apẹtẹ tiwa náà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́dún 2014 láti bójú tó ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn. Omi máa ń kárí ìlú, ìdí nìyẹn tí ayé fi gbọ́, tí a sì mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ìjì á mú ilé kan, á fo èkejì, á mú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta àti òpó iná kan, á sì kọjá lọ. Ta ló ń kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀? Kò sí ẹni tí yóò yá mílíọ̀nù dọ́là nítorí òrùlé ilé mẹ́rin ní Ológunẹ̀rú. Aládùúgbò ló ń gbọ́ igbe ẹni tí ìjì bá ṣe léṣe, ẹgbẹ́ tí aládùúgbò sì ní, tiyín ni.

Kúbà, erékùṣù kan ní Kàríbíánì, kì í ṣe ìlú olówó, hurricane kì í sì í jẹ́ kó sinmi. Síbẹ̀ àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí máa ń tọ́ka sí i pé ó mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ ìjì ju ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Àdúgbò ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ òpópónà kọ̀ọ̀kan mọ ilé tí arúgbó wà, ilé tí aboyún wà, ẹni tí kò lè dá rìn, àti ilé tó lágbára tí àwọn tó kù lè sá wọ̀. Kí àsìkò ìjì tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, wọ́n á ti ṣe ìdánrawò rẹ̀. Kúbà yìí náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, tí wọ́n gbé Ọya, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀, dání lọ, tí wọ́n ṣì ń kí i dòní. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ló gbà, tí orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, òun lẹ fi ń gba owó ọlọ́dẹ.

Mo fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ju gbogbo ohun tó kù lọ, torí mo gbà pé òun gan-an la ti gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo èèyàn á jáde, wọ́n á máa kí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ṣí: ẹ kú àdánù, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó tuni nínú. Ṣùgbọ́n wákàtí yẹn gan-an ni ewu tó kù ń bẹ nílẹ̀.

Wáyà iná ló ṣáájú. Ní òwúrọ̀ tí mò ń sọ yìí, òpó kan ti wó ní ẹnu ọ̀nà wa, wáyà rẹ̀ sì wà nínú ọ̀gbàrá, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Àwọn ọmọ iléèwé ń fò ó. Ìyá kan ti sá aṣọ sórí èyí tó há mọ́ fẹ́ǹsì. Èèyàn bíi mélòó kan ń tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó ní nọ́ńbà òṣìṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó ń bójú tó tiransífọ́mà wa. Alága nìkan ló ní in, fóònù alága sì ti kú láti alẹ́ àná. Kò sí iná lára wáyà yẹn, a dúpẹ́. Àmọ́ kò sí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ń fò ó. Ilẹ̀ tó tutù ń gbé iná. Èèyàn kò ní láti fọwọ́ kan wáyà kó tó gbá a mú. Kí nọ́ńbà yẹn wà lára ògiri géètì, kí ọlọ́dẹ ní in, kí ọlọ́dẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjì ni kó fi okùn àti igi dí ọ̀nà níbi tí wáyà bá wà, kó má sì jẹ́ kí ọmọ kankan kọjá. Nọ́ńbà 615 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé kalẹ̀ fún pàjáwìrì, àti 112 tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kí wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Òpó tó wó túmọ̀ sí pé a ò ní í rí iná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ á sì gba ìlú. Ẹ̀rù ibí yìí bà mí ju ti ìjì lọ. Ní Louisiana ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Hurricane Laura kọlù wọ́n nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2020, èéfín jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tó pa èèyàn jù, lẹ́yìn tí ìjì ti lọ. Èéfín yẹn ní ohun kan nínú tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀; orí á fọ́ ẹni tó ń fà á símú, òòyì á kọ́ ọ, oorun á sì gbé e lọ. Òjò ń rọ̀, olè ń bẹ, a á wá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé. Kí ẹgbẹ́ ṣòfin lé e: kí jẹnẹrétọ̀ kankan má ṣe ṣiṣẹ́ nínú ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí nítòsí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ẹ ti ṣòfin lórí ariwo rẹ̀ rí, ẹ sì bá ẹni tó rú u wí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi jẹnẹrétọ̀ gbé iná wọ ilé láìsí chenji-ófà, ìyẹn ohun tó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà òpó, torí iná náà lè padà gba orí wáyà lọ bá òṣìṣẹ́ tó gun òpó láti tún un ṣe.

Kànga náà ńkọ́? Bí ọ̀gbàrá bá wọ kànga, ohun tó wà nínú ṣalángá àti sọ́kàwéè ti bá a wọ̀ ọ́, kódà bí omi náà bá mọ́ lójú. Ibẹ̀ ni onígbáméjì ti ń wá. Kí a sè é kó hó dáadáa kí a tó mu ún, títí wọn yóò fi fọ kànga náà, tí wọn yóò sì da oògùn sí i. Bí ẹgbẹ́ bá ní bóhóòlù, kí ẹ jẹ́ kí àwọn tí kànga wọn ti bàjẹ́ máa pọn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọ̀rọ̀ á fi lójú.

Ẹ̀yin tó wà ní Bẹẹrẹ, Mápó, Òkè-Òfà, níbi tí ilé alámọ̀ ṣì pọ̀, ẹ ní ìṣòro tiyín tí àwa apá ibí kò ní. Bí òrùlé ilé amọ̀ bá ṣí, ògiri tó mu omi lè máà wó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó lè dúró dọ̀la, oòrùn á ràn, àwọn ará ilé á wọlé lọ kó ẹrù. Kí a tó kó ẹrù, kí bíríkìlà wo ògiri yẹn.

Ìṣó tún wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹni tó bá tẹ ìṣó tó ti dípẹtà, kó lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kó má fi epo pupa sùn ún kó sì jókòó. Kí ọmọdé má bá wa ṣa páànù.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, n kò sì ní í fò ó. Onílé kan tí n kò ní í dárúkọ sọ fún àwọn ayálégbé rẹ̀ lẹ́yìn ìjì pé àmúwá Ọlọ́run ni, kí wọ́n dá owó òrùlé jọ. Wọ́n dá a, torí òjò ń pa ọmọ wọn. Káfíńtà tí wọ́n rí gbà lówó pọ́ọ́kú tún páànù àtijọ́ kàn padà sórí pákó tó ti rà, ó gba inú ihò ìṣó tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò àrọ̀kẹ́yìn dé nínú oṣù Kẹwàá, òrùlé náà tún ṣí. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ìwé ẹ̀rí ọmọ kan tó ń múra àtilọ Yunifásítì bá omi lọ.

Lójú tèmi, òrùlé jẹ́ ti onílé. Ẹrù tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ayálégbé, kí ayálégbé sì mọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀: kó fi nylon di ìwé rẹ̀ pa, kó gbé e sí ibi gíga. Àmọ́ kí onílé má gba owó ilé oṣù tí òjò ń rọ̀ sórí èèyàn nínú yàrá. Èyí tó bá sì jẹ́ àìlówó lóòótọ́, torí mo mọ onílé tó jẹ́ pé owó ilé yẹn nìkan ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ibẹ̀ ni àpò ẹgbẹ́ ti yẹ kó wọlé. Bí a ṣe ń dá owó tiransífọ́mà, kí a máa dá díẹ̀ sí àpò ìjì, onílé àti ayálégbé. Kí ẹgbẹ́ fi ra tapólì ńlá mélòó kan, okùn tó lágbára, àkàbà gíga kan àti tọ́ọ̀ṣì, kó wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Lálẹ́ ọjọ́ tí òrùlé bá ṣí, tapólì yẹn ni yóò gba fóòmù, ìwé àti ìrẹsì inú ilé là títí káfíńtà á fi ráyè, torí gbogbo ìlú ló máa ń wá káfíńtà lọ́sẹ̀ kan náà, iye tí wọ́n bá pè la ó san.

Ìdí tí gbogbo èyí kò fi tíì ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó rí. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, onílé nìkan ló ń jókòó nípàdé. Àwọn tó sì ń jókòó yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ilé tí wọ́n kọ́ fún ara wọn, tí wọ́n fojú tó nígbà tí wọ́n ń kàn án lórùlé. Ilé tí wọ́n kọ́ láti fi rẹ́ǹtì ni pákó rẹ̀ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ la máa ń gbọ́ bí páànù ṣe ń lu pákó lóru, la mọ apá ibi tí ó ti ń já. Kò sí ẹni tó ń bi wá.

Ìpàdé oṣù yìí ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìjì sí i, ẹ pe káfíńtà kan àti òṣìṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kan wá, kí ẹ sì jẹ́ kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan wá láti ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ aago tí a ó dé fún wa. A ó wá, a ó sì mú owó tiwa dání.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
ayálégbé kan ní Apẹtẹ, Ìbàdàn.